Ìbéèrè ní Ilé Ọ̀fọ̀

Ní ọdún 1988 ni wọ́n gbé Dókítà Kòfowórọlá Abọ́dúndé wá sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní apá Yaba, pé kí ó máa darí ẹ̀ka ìlera alábọ́dé, láti àwọn àdúgbò òkè títí dé etí ọ̀sà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ iye èèyàn tó wá sọ́dọ̀ wọn, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò wá. Ó ti lo ọdún púpọ̀ ní ọsibítù ńlá kan kí ó tó dé ibẹ̀. Yàrá ìgbẹ̀bí ló ti ṣiṣẹ́ jù. Kò sí ohun mìíràn tó lé e kúrò níbẹ̀ ju pé ó rẹ̀ ẹ́ láti máa gba àwọn obìnrin tó jẹ́ pé ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán kí wọ́n tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń bi ara rẹ̀ pé, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn gan-an?

Nígbà tó kọ́kọ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n ń retí kí ó sọ̀rọ̀ nípa fíríìjì tuntun àti alùpùpù, nítorí ohun tí àwọn ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ṣèlérí nìyẹn. Ohun tó sọ fún wọn ni pé òun fẹ́ kí àwọn máa lọ sí ilé àwọn tí èèyàn wọn kú. Bí aboyún bá kú ládùúgbò, tàbí ọmọ kékeré, kí àwọn lọ kí àwọn ará ilé náà, kí àwọn sì fara balẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Lydia, nọ́ọ̀sì tó dàgbà jù nínú wọn, ló fọhùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mushin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Àǹtí Lydia sì ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan dókítà fúnra rẹ̀.

“Dókítà, ẹ má bínú,” ó ní. “Kíkí là ń kí ọlọ́fọ̀, a kì í wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá dé ibẹ̀ tí a ń béèrè ohun tó pa òkú, wọn á ní a wá di ẹ̀bi rù wọ́n ni.”

Kòfowórọlá kò bá a jiyàn. Ó ní òótọ́ ni Àǹtí Lydia sọ, ó sì bi í pé, bí àwọn bá fẹ́ lọ láìṣe ohun tó lòdì, báwo ló ṣe yẹ kí àwọn lọ? Ìbéèrè yẹn ló tú ọ̀rọ̀ náà ká. Oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn ò ní wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn ò ní mú ìwé tàbí bírò dání, àwọn á dúró títí ogójì ọjọ́ á fi kọjá, àti pé bí àwọn ará ilé kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn á kí wọn, àwọn á sì máa lọ. Dókítà fi ọ̀kan kún un. Ó ní ohunkóhun tí àwọn bá gbọ́ nínú ilé ọ̀fọ̀, kò sí ẹni tí yóò jìyà nítorí rẹ̀. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ìyẹn.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, ìyá àgbà kan ló tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ilé kejì wà ní Ìwáyà, ilé obìnrin ọ̀dọ́ kan tó ń ta kẹrosíìnì, Ṣùbòmí ni orúkọ rẹ̀. Èéyi ló pa ọmọ rẹ̀. Wọ́n kí i pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó dúpẹ́, ó gbé àga fún wọn, ọ̀rọ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́ láìsí ìbínú. Ó ní òun gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní gbogbo ìgbà tí òun lọ, wọ́n ń sọ fún òun pé àwọn ọmọ tó wá kò pọ̀ tó, pé ìgò abẹ́rẹ́ kan tó ọmọ mẹ́wàá, bí wọ́n bá ṣí i, èyí tó kù á ṣòfò. Kí òun padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, òun ò lè máa ti ìsọ̀ òun mọ́, òun kò lọ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ojú títì ni Àǹtí Lydia sọ pé, “Àwa náà la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni, pé ká má fi abẹ́rẹ́ ṣòfò.”

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, Kòfowórọlá pàṣẹ pé bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wá, kí wọ́n ṣí ìgò fún un. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn abẹ́rẹ́ ráhùn pé òfò á pọ̀. Dókítà ní kí ó pọ̀. Ó ń dun òun náà, nítorí abẹ́rẹ́ kì í pọ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ ó ti rí ohun tí àwọn ń pè ní ìfowópamọ́ àti ilé ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀.

Bí òjò ọdún yẹn ṣe rọlẹ̀ ni wọ́n gbọ́ nípa Moyọ̀sọ́lá. Ó ń yan ẹja tà ní Ìwáyà, oyún ọmọ kejì ló wà nínú rẹ̀ tó fi kú. Ọkọ rẹ̀, Tìrìmísíyù, ọmọ Ọ̀yọ́, ń la gẹdú ní ọ̀kan nínú àwọn sọ́míìlì etí ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tán, Kòfowórọlá àti Àǹtí Lydia lọ bá a níbi iṣẹ́, nítorí àwọn aládùúgbò ní ó ti gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀, kì í sì í sí nílé mọ́ àfi tó bá fẹ́ sùn.

Ẹ̀rọ ìlagi ń ké, lẹ́búlẹ́bú pákó ń fò káàkiri, èéfín àwọn tó ń yan ẹja ní Makoko sì ń fẹ́ wá láti orí omi. Tìrìmísíyù kí wọn, ó gbé pákó kan lé òkúta méjì kí wọ́n lè rí ibi jókòó, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó títí, kò padà wá. Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n dìde, wọ́n dágbére fún un, ó sì dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àǹtí Lydia rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ní àwọn á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn á kúkú ti tún kí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí wọ́n padà lọ, Tìrìmísíyù fúnra rẹ̀ ló pa ẹ̀rọ náà. Ó jókòó sórí ìtì igi kan níwájú wọn, ó sì sọ ọ́.

Ó ní Sátidé ìmọ́tótó ni. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà náà mọ bó ṣe máa ń rí: ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ kankan kì í rìn, ọjà kì í ṣí, oníkálukú á máa kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí lójú títì, wọn á mú un. Bí Moyọ̀sọ́lá ṣe ń gbá ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Kò sí ìrora, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni. Tìrìmísíyù yá ọmọlanke aládùúgbò kan, ó tẹ́ ẹní sínú rẹ̀, ó gbé ìyàwó rẹ̀ lé e, ó fi aṣọ bò ó, ó sì ń tì í lọ sí ilé ìtọ́jú tó sún mọ́ wọn jù lọ. Ní oríta, àwọn tó ń ṣọ́ òfin dá a dúró. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ti mú. Ó bẹ̀ wọ́n, ó dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn ká aṣọ náà sókè tó sì rí ẹ̀jẹ̀ ló tó ní kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ó ní òun ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Lójú òun, odidi ọjọ́ kan ni.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìtọ́jú, géètì wà ní títì. Kí Kòfowórọlá tó dé ìjọba ìbílẹ̀ yẹn ni àṣẹ ti wà pé ní Sátidé ìmọ́tótó, kí gbogbo ilé ìtọ́jú ti géètì wọn, kí àwọn òṣìṣẹ́ fọ ilẹ̀, kí wọ́n gé koríko, kí aláìsàn kankan má wọlé títí wọn á fi ṣe é tán, nítorí àwọn kan máa ń wá wo ibi tó mọ́ jù. Tìrìmísíyù dúró síta, ó ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nínú ọgbà. Ọlọ́dẹ tó wà ní géètì sọ fún un pé àṣẹ ni, pé kí ó ní sùúrù kí òun lọ bá a béèrè. Ó wọlé, ó sì padà jáde, ó ní ẹni tó lè fún òun láyè kò tíì dé, nítorí ẹni yẹn náà kò lè rìn ní àsìkò yẹn.

Tìrìmísíyù ń fi èékánná họ èèpo igi tó jókòó lé.

“Ìyàwó mi kò tiẹ̀ bínú,” ó ní. “Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó ní kí n má bá wọn jà, pé wọn ò ní pẹ́ ṣí i. Ó ní kí n bá òun gbọn ìdọ̀tí ara aṣọ òun dànù, kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà ní òun dọ̀tí.”

Ó sọ ìyókù ní kúkúrú. Wọ́n gbé e wọlé nígbà tó yá, wọ́n fa omi sí i lára, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò dúró. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n wá èyí tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Kò dé ibẹ̀, òun àti ọmọ inú rẹ̀.

Kòfowórọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tìrìmísíyù bi í pé kí ló fẹ́ fi ohun tó gbọ́ ṣe.

“Mo fẹ́ kí géètì yẹn máa wà ní ṣíṣí,” ó ní.

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan ni mo lè ṣèlérí.”

Tìrìmísíyù mirí, ó sì lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀.

Káńsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Olùkọ́ ni kí ó tó dé ipò yẹn, ó sì mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí dókítà ro ẹjọ́ náà fún un tán, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní láìsí àní-àní, àwọn á yí àṣẹ náà padà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ẹni tó wà ní géètì lọ́jọ́ yẹn. Kòfowórọlá ní òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àṣẹ ni ẹni náà tẹ̀ lé, àṣẹ ló sì yẹ kí àwọn tún ṣe.

“Dókítà, èèyàn ló kú,” Ọládèjì ní. “Bí àwọn ará Ìwáyà bá gbọ́ pé a ò fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni, kí ni a fẹ́ wí fún wọn?”

Kòfowórọlá ṣàlàyé fún un pé òun ti ṣèlérí, pé bí òṣìṣẹ́ kan bá jìyà nítorí ohun tí àwọn gbọ́ nílé ọ̀fọ̀, kò sí ẹni tí yóò tún fẹ́ gbọ́ òtítọ́ mọ́. Ọládèjì ní ìlérí yẹn, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀. Kò sì ṣòro fún un láti mọ orúkọ tó ń wá. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti lé ọlọ́dẹ náà. Àmúsà ni orúkọ rẹ̀, àgbàlagbà tó ti ń ṣọ́ géètì yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé ìtọ́jú náà.

Ẹ̀rù ba gbogbo òṣìṣẹ́. Kòfowórọlá kò rí ẹnikẹ́ni bá lọ sí ilé ọ̀fọ̀ mọ́. Ẹ̀fọ́rí ń ṣe eléyìí, ẹni yẹn ní ọmọ òun kò yá. Àǹtí Lydia nìkan ni kò purọ́ fún un. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé a ò lè lọ mọ́.”

Kòfowórọlá ti rò pé ohun tuntun ni òun mú wá, pé bí àwọn èèyàn bá ti rí i pé ó dára, wọn á gbà á. Ó wá rí i pé ohun tuntun kì í ní ilé tirẹ̀. Inú ilé àtijọ́ là ń gbé e sí, nínú ilé àtijọ́ yẹn sì rèé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń na pàṣán sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Òun ti béèrè ìbéèrè tó dára lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, kò sì ti kọ́kọ́ wo ọwọ́ tí ìdáhùn yóò bọ́ sí. Ó rò ó pé kí òun kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó gbọ́dọ̀ gbọ́ láti ẹnu òun fúnra òun kí òun tó ṣe ohunkóhun. Ó dá nìkan lọ sí sọ́míìlì, ó sì sọ fún Tìrìmísíyù pé wọ́n ti lé ọlọ́dẹ náà.

Tìrìmísíyù gbọ́ ọ, ó dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé.

“Àgbàlagbà yẹn? Tó ní pélé lójú?”

“Òun ni.”

Tìrìmísíyù bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, ó fi bọ́jú, ó ní kí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá òun dúró ti ẹ̀rọ, ó sì tẹ̀ lé dókítà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó lórí.

Ọládèjì dìde nígbà tó mọ ẹni tó jẹ́. Ó kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó ní kí ó jókòó. Tìrìmísíyù kò jókòó.

“Ọ̀gá, wọ́n ní nítorí ìyàwó mi lẹ ṣe lé bàbá yẹn,” ó ní. “Mi ò rán yín. Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tó ṣí géètì. Kò sẹ́ni tó fún un láyè. Ó wo ojú ìyàwó mi, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́. Òun ló gbé e níbi ẹsẹ̀, èmi gbé e níbi orí. Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nínú gbogbo àwọn tí mo bá pàdé lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló bá mi gbé e. Òun lẹ wá lé.”

Ọládèjì wo Kòfowórọlá. Ó béèrè bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Mi ò mọ̀,” ó ní. “Mi ò bi í.”

Òótọ́ ni. Ó ti bi Tìrìmísíyù ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti dí, kò bi í ní ẹni tó là á fún un. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ronú nípa ọ̀nà àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, àwọn tó dí i nìkan ló ń wá. Kò tíì sí ọjọ́ kan tó wá sí i lọ́kàn pé ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tó ń ṣe ohun tó lè ṣe, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ọládèjì ní kí Tìrìmísíyù máa lọ, pé òun gbọ́. Kò rọrùn bó ṣe rò, nítorí ẹni tí ìjọba ti lé, kíkó àwọn ìwé rẹ̀ padà láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì gba àsìkò. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e títí wọ́n fi pe Àmúsà padà. Àmúsà dúpẹ́, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé òun lọ sí géètì yẹn mọ́. Ó ní bí òun bá dúró níbẹ̀, obìnrin yẹn ni òun máa ń rí, pé ó yẹ kí òun ti tètè ṣí i. Wọ́n gbé e lọ máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ní Yaba, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi darúgbó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn ilé ìtọ́jú tó wà lábẹ́ Kòfowórọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí géètì wọn ní Sátidé ìmọ́tótó. Ilẹ̀ wọn kò mọ́ tó ti àwọn yòókù, kò sì sí èyí tó gba ẹ̀bùn ibi tó mọ́ jù nínú wọn mọ́. Ó lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ òfin náà sọ̀rọ̀ nípa aboyún àti ọmọ tára rẹ̀ kò yá. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan kò gbọ́.

Àǹtí Lydia ló kọ́kọ́ sọ pé kí àwọn tún máa lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Ó ti rí Àmúsà lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn sì tó fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti kún ti tẹ́lẹ̀ wàyí. Bí ará ilé bá ti sọ tirẹ̀ tán, wọn á bi í pé, “Ta ló ràn yín lọ́wọ́?” Ó máa ń ya àwọn ọlọ́fọ̀ lẹ́nu. Àwọn mìíràn á ronú pẹ́, wọn á wá dárúkọ ẹnì kan: mẹkáníìkì kan tó ń bọ̀ láti Ládìpọ̀ tó fi mọ́tò oníbàárà rẹ̀ gbé aboyún, obìnrin apẹja kan tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọmọ kúrò ní Makoko nígbà tí omi ń ru. Wọ́n á lọ wá ẹni náà lọ kí i, nítorí bí aláìsàn ò bá tilẹ̀ yè, ẹni tó gbé e kò yẹ kó dá nìkan rù ú. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ilé ìtọ́jú náà wá mọ àwọn tí wọ́n lè ké sí ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn àlejò tó ń wá wo iṣẹ́ bá béèrè ohun tuntun tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe, Kòfowórọlá kì í rí nǹkan nà sí wọn. Àwọn èèyàn ló máa ń mú wọn lọ bá.

Ní 1993 wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ ìwé gbọọrọ kan jáde pé kí òṣìṣẹ́ máa kọ ìdáhùn ọlọ́fọ̀ sí i, àwọn ará ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn. Ìwáyà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kù sí, níbi tí Àǹtí Lydia ti ń lọ láìmú ìwé dání títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Kí wọ́n tó gbé Kòfowórọlá kúrò, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú Moyọ̀sọ́lá, Tìrìmísíyù fẹ́ ìyàwó mìíràn. Nígbà tí ìyàwó náà lóyún, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kí ó lọ bí i síbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Kòfowórọlá pé kí ó má bínú. Òun mọ̀ pé géètì ti ń ṣí, àmọ́ ẹsẹ̀ òun kò gbé òun débẹ̀. Kòfowórọlá ránṣẹ́ padà pé òun kò bínú. Ní gbogbo oṣù tí obìnrin náà fi wà ní Ọ̀yọ́, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Lydia bóyá ó ti gbúròó wọn. Ọjọ́ tí Àǹtí Lydia wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tó sọ pé ó ti bí, obìnrin ni, tìyátọmọ wà ní àlàáfíà, Kòfowórọlá ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó na ọwọ́ sí àga tó wà níwájú rẹ̀, kí Àǹtí Lydia jókòó. Nígbà tó jókòó tán, Kòfowórọlá bi í pé, “Ta ló ràn wọ́n lọ́wọ́?”